Tẹlifóònù Mátírọ̀n

Mo ti wa ọkọ̀ kiri ilẹ̀ Ìjẹ̀bú fún ogún ọdún ó lé, oríṣiríṣi èèyàn ni mo sì ti gbé, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tí ẹ̀rù ń bà tó Mosúnmọ́lá Odùbánjọ. Bí afẹ́fẹ́ bá gbá ilẹ̀kùn, yóò fò sókè. Bí ọ̀gá bá pe orúkọ rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á ti tutù kó tó dáhùn. Láràárọ̀, kó tó kúrò nílé wọn ní Ìwàdé, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń padà wọlé lọ wò ó bóyá òun ti pa sítóòfù. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọjọ́ tí Ọlọ́run ń pín ọkàn, òun ló dé kẹ́yìn, ti adìyẹ ló sì ṣẹ́kù. Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Bọ̀dá Gilbert, ẹ ò dára." N kò mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀rù kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré.

Iṣẹ́ ópárétọ̀ ló ń ṣe ní ilé-ìwòsàn Dókítà Albert Ọládiípọ̀, níbi tí èmi náà ti ń wa ọkọ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, lẹ́bàá ọ̀nà Ìbàdàn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Abẹ́ àtẹ̀gùn ni yàrá Mosún wà, kò gbà ju èèyàn kan àti àga kan lọ, àti ẹ̀rọ ńlá tó so gbogbo tẹlifóònù ilé náà pọ̀. Tí ó bá ti gbé tẹlifóònù sétí báyìí, ohùn rẹ̀ á yí padà, á wá tutù, á wá dùn, bíi pé kò sí ohun tó ń lé e láyé. Àwọn olówó Èkó tí kò tíì rí i rí a máa béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá pé ọmọ ta ni. Ibẹ̀ nìkan ni ẹ̀rù kì í bà á, torí kò rí ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1984, ẹnìkan fi tẹlifóònù ilé-ìwòsàn pe ìyàwó ọ̀gá ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ròyìn obìnrin tí ọ̀gá ń lọ kí ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì fún un, títí dórí àwọ̀ gèlè. Kì í ṣe èmi o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo máa ń wa ọkọ̀ lọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìyàwó ti dé pẹ̀lú àpótí mẹ́ta. Ohun tí ojú ọ̀gá rí, òun àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Nígbà tí kò rí olófòófó mú, ó kó ìbínú náà lé tẹlifóònù lórí. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, tẹlifóònù tí òun bá buwọ́ lù nìkan ni yóò máa pe ìta.

Ó ránṣẹ́ sí ẹnjiníà kan ní Èkó, Walter lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin tí kì í gbójú sókè tó bá ń sọ̀rọ̀. Ọjọ́ méjì ló fi kọ́ Mosún ní iṣẹ́ náà. Tẹlifóònù kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, láti orí oókan dé ogún. Àpótí irin kan wà lára ẹ̀rọ, inú rẹ̀ ni wọ́n ń to àwọn nọ́ńbà tó láṣẹ sí. Bí èèyàn bá fẹ́ pe ìta, ẹ̀rọ á wo nọ́ńbà rẹ̀. Bó bá wà nínú ètò, ọ̀nà á là. Bí kò bá sí níbẹ̀, fèrè kan á máa fọn sí onítọ̀hún létí títí tí yóò fi gbé e sílẹ̀. Walter ní ẹ̀rọ náà kò mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọọ̀ṣẹ́, nọ́ńbà nìkan ló mọ̀.

Ọ̀gá buwọ́ lu mẹ́ta: ti ọ́fíìsì tirẹ̀, ti akọ̀wé rẹ̀, àti nọ́ńbà kẹrìnlá tó jẹ́ ti Mátírọ̀n, olórí àwọn nọ́ọ̀sì. Mosún fi ohùn tí kò ju ti ẹ̀fọn lọ béèrè pé yàrá ìgbẹ̀bí ńkọ́. Ọ̀gá ní Mátírọ̀n wà fún ìyẹn. Ó wá na ìka sí i, ó ní, "Bí nọ́ńbà kan tí n kò buwọ́ lù bá fi lè jáde, di ẹrù rẹ kí n tó dé."

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù Mosún ti di ìlọ́po méjì. Ó so kọ́kọ́rọ́ yàrá náà àti ti àpótí irin mọ́ okùn, ó fi kọ́rùn, ó ń sùn tì í. Òun nìkan ló ń bọ́ ìyá rẹ̀, Màmá Mọ́ṣádé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá lé òun níbẹ̀, kò sí ilé-iṣẹ́ mìíràn ní Ìjẹ̀bú-Òde tó ń wá ópárétọ̀.

Ní oṣù kẹfà ni orúnkún Mátírọ̀n Edith bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó ní òun kò lè máa gun àtẹ̀gùn mọ́. Wọ́n fún un ní yàrá kan nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ìgbẹ̀bí. Èmi ni mo bá a kó tábìlì. Nígbà tí mo fẹ́ fi tẹlifóònù sílẹ̀ lókè, ó ní kí n gbé e tẹ̀lé òun, ó yí i dojú dé, ó fi hàn mí: wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ 14 sí i nídìí. Ó ní tòun ni, ibi tí òun bá wà ló gbọ́dọ̀ wà. Ta ló máa já Mátírọ̀n níyàn? Obìnrin tó ti gbẹ̀bí ìdajì ìlú. Mo gbé e sọ̀kalẹ̀, mo ki okùn rẹ̀ bọ ihò tó wà lára ògiri yàrá tuntun, Mátírọ̀n pe yàrá oògùn, wọ́n dá a lóhùn, ó ní ṣé mo rí i.

Mosún ti jáde láti abẹ́ àtẹ̀gùn, ó ń wò wá. Mo rí i tó ya ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké mẹ́rin wà níbẹ̀. Ó wo Mátírọ̀n, ó wo àwọn nọ́ọ̀sì, ó kúnlẹ̀, ó ní ẹ kú iṣẹ́ o, Mà, ó padà wọlé. Nígbà tó yá ló wá bá mi nídìí ọkọ̀. Ó ní ètò inú àpótí gbọ́dọ̀ yí padà nítorí Mátírọ̀n tó ṣípò, ọ̀gá sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ buwọ́ lu ìwé. Ó bẹ̀ mí kí n bá òun sọ fún ọ̀gá nínú ọkọ̀. Mo ní ṣé èmi ni ópárétọ̀ ni? Mo ní kó lọ sọ ọ́ fúnra rẹ̀, ọ̀gá kò ní gé e jẹ.

Kò sọ ọ́. Ó kọ ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ya á lẹ́ẹ̀mẹrin. Lójoojúmọ́ iṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ẹ̀rọ bá Mátírọ̀n gba ìta, nítorí náà kò sẹ́ni tó fura. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a dé oṣù keje, tí ọ̀gá fi ilẹ̀kùn onírin tó ṣe lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Lọ́ńdọ̀nù ti ọ́fíìsì rẹ̀ àti ti akọ̀wé pa, tó kó kọ́kọ́rọ́ sápò, tó gba Èkó lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Dókítà Olúyọmí ló ní kó máa bójú tó wa. Ìyẹn fi nọ́ńbà méjì sílẹ̀ lọ́wọ́ Mátírọ̀n: bí òun kò bá sí nílé ní Odògbólú, òun á wà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ òun kan ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀.

Ọjọ́ kejì ìrìn àjò ọ̀gá ni ọjọ́ tí àwọn Alágẹmọ, àwọn abọ̀rìṣà Agẹmọ tí obìnrin kò gbọ́dọ̀ fojú kàn, ń gba ìgboro kọjá lọ sí Ìmọ̀ṣan. Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú mọ̀ pé obìnrin kì í jáde lọ́jọ́ náà, ìbáà jẹ́ ìyàwó bíṣọ́ọ̀bù. Àwọn nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ kàn ti sùn sí ilé-ìwòsàn mọ́jú. Mosún wà nílé. Láti kékeré ni ìyá rẹ̀ ti ń sọ ìtàn obìnrin àdúgbò wọn kan fún un, tó yọjú lójú fèrèsé wo Agẹmọ, tí kò fi ojú rí ọmọ títí tó fi kú. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Mosún lọ́dún náà, kò tíì lọ́kọ. Ní gbogbo ọjọ́ Agẹmọ, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń wà.

Ràmọ́tà, ìyàwó Mùsílíù kápẹ́ńtà, ti dé láti alẹ́ àná. Oyún àkọ́kọ́ ni. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, mo ń nu gíláàsì ọkọ̀ nígbà tí mo gbọ́ tí Mátírọ̀n pe orúkọ mi, kì í sì í pariwo. Ọmọ ti fi apá dábùú, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà. Ó ní iṣẹ́ abẹ ni, kò ṣe é gbé lọ síbòmíràn, Dókítà Olúyọmí ló gbọ́dọ̀ wá. Ó ti gbé tẹlifóònù rẹ̀ nígbà mẹ́fà, fèrè ló ń fọn sí i létí. Ó na tẹlifóònù náà sí mi bíi pé èmi ni mo bà á jẹ́. Mo gbé e sétí. N kò lè gbàgbé ìró yẹn títí n ó fi wọ ilẹ̀.

Bí mo bá forí lé Odògbólú, tó sì jẹ́ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni dókítà wà ńkọ́? Ìlà-oòrùn ni ọ̀kan, ìwọ̀-oòrùn ni ìkejì. Mo ní n ó lọ bá Mosún.

Ọ̀nà ṣì dá nígbà yẹn. Mo kanlẹ̀kùn títí, kò ṣí. Láti ẹ̀yìn fèrèsé ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ náà fún un, mo sì ń gbọ́ èémí rẹ̀ lódìkejì. Mo ní kó bọ́ sínú ọkọ̀ ká lọ. Ó ní òun kò lè jáde, kí n jọ̀ọ́, òun á kọ ọ́ sílẹ̀. Ó sún kọ́kọ́rọ́ méjèèjì àti ìwé kan jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn, ohun méje tí mo máa ṣe sí ẹ̀rọ kí ìta tó là.

Mo ṣe é. Mo jókòó sórí àga rẹ̀ lábẹ́ àtẹ̀gùn, mo ka ìwé náà bí ẹni ń ka Bíbélì, mo sì ń gbọ́ Ràmọ́tà lódìkejì ògiri. Níbi ìkẹrin ni mo ti sọnù. Iná kéékèèké ń ṣẹ́jú lójú ẹ̀rọ náà, pupa àti àwọ̀ ewé, n kò mọ èyí tí ó ní kí n tẹ̀. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, fèrè náà ló ń fọn. Ẹ̀rù bà mí pé n ó bà á jẹ́ pátápátá. Mo dá ohun gbogbo padà sí bí mo ṣe bá a, mo sáré lọ sínú ọkọ̀. Wákàtí kan gbáko ti lọ.

Lẹ́ẹ̀kejì, n kò kan ilẹ̀kùn, mo fi èjìká gbá a ni. Mosún jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Mo sọ fún un pé obìnrin náà ń kú lọ. Màmá Mọ́ṣádé di aṣọ ọmọ rẹ̀ mú, ó ní kò ní lọ, ọmọ kan ṣoṣo lòún ní. Mosún fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tú ìka ìyá rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Ó ní, "Ẹ fi nǹkan bò mí, Bọ̀dá Gilbert. Ẹ má jẹ́ kí n rí nǹkan kan." Ó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù náà, ó fi gèlè di ara rẹ̀ lójú, mo sì fi ẹní tí a fi ń gbé òkú bò ó, torí ẹní yẹn nìkan ló wà níbẹ̀.

Àwọn ọkùnrin tó ń ṣáájú Agẹmọ ti jáde. Ní oríta kejì ni wọ́n dá mi dúró, wọ́n tó mẹ́jọ, àtòrì lọ́wọ́ wọn. Mo ń gbọ́ orin láti ọ̀nà jíjìn, ó ń bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn béèrè ohun tí mo gbé. Mo ti ro irọ́ mẹ́ta tó dára sílẹ̀, èyí tí n kò rò ló jáde lẹ́nu mi.

"Òkú ni. Òkú ilé-ìwòsàn."

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ẹsẹ̀ lé ẹ̀yìn ọkọ̀, ó fi àtòrì kan ẹní náà. Mo ń wò ó nínú díńgí ọkọ̀. Ẹní náà kò mira. N kò mọ bí ẹni tí gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn ṣe lè dúró bẹ́ẹ̀. Bàbá kan tó ti hewú ní kó sọ̀kalẹ̀, ó ní a kì í fi òkú olókùú ṣeré. Wọ́n yà fún mi. Mo wa ọkọ̀ náà lọ wọ́ọ́rọ́, bí ẹni tó gbé òkú lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ ni orin náà ń sún mọ́ wa.

Nígbà tí mo ká ẹní kúrò lórí rẹ̀ ní àgbàlá, mo ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ láti fún un. Kò gbà á. Kò tilẹ̀ wo ọ̀nà abẹ́ àtẹ̀gùn. Ó já gèlè kúrò lójú, ó sáré wọ yàrá Mátírọ̀n, ó mú ìwé nọ́ńbà Dókítà Olúyọmí lórí tábìlì, ó fa okùn tẹlifóònù náà yọ lára ògiri, ó gbé e mọ́yà, ó gun òkè. Mo sáré tẹ̀lé e. Yàrá tí Mátírọ̀n fi sílẹ̀ ni, mátírẹ́ẹ̀sì àlòkù ló kún ibẹ̀, kò sì ní àgádágodo. Ó fi orúnkún ti mátírẹ́ẹ̀sì sẹ́yìn, ó wá ihò ara ògiri, ó ki okùn náà bọ̀ ọ́, ó gbé tẹlifóònù sétí. Fèrè kò fọn. Ọ̀nà là.

Ohùn rẹ̀ tó tutù yẹn ló fi bá ìyàwó Dókítà Olúyọmí sọ̀rọ̀ ní Odògbólú. Ìyẹn ní ó ti lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ó pe Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Dókítà ní òun ń bọ̀, kí wọ́n sọ fún Mátírọ̀n kó máa gbé omi kaná. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, gbogbo rẹ̀. Nígbà tó gbé e sílẹ̀ tán, ó jókòó sórí mátírẹ́ẹ̀sì, ó ń wo ihò náà.

Dókítà dé lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Ràmọ́tà yè. Ọmọkùnrin ni ọmọ náà, ó tóbi, irun kún orí rẹ̀. Kò ké. Dókítà Olúyọmí bọ́ ìbọ̀wọ́, ó sọ fún Mátírọ̀n ní ẹnu ọ̀nà, èmi náà sì gbọ́, pé ká ní òun tètè dé ní wákàtí kan ṣáájú ni. Èmi tí mo fi ẹnu ara mi pe òkú lóríta, n kò lè gbé orí sókè.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Mosún tó sọ ọ́ fún mi. Kò sunkún. Ó ní nọ́ńbà náà kò sí lára tẹlifóònù rárá, ọ̀dà lásán ni wọ́n fi kọ ọ́ síbẹ̀. Ara wáyà tó wà nínú ògiri ló wà. Walter ti sọ ọ́ fún un láti ọjọ́ kìíní, ó sì mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ tí Mátírọ̀n ní kí n gbé e sọ̀kalẹ̀. Nọ́ńbà kẹrìnlá kò kúrò lókè, ó ṣí sílẹ̀ ní gbogbo òwúrọ̀ náà láàárín mátírẹ́ẹ̀sì.

"Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ dé ẹ̀yìn fèrèsé, ọ̀rọ̀ kan ni mo yẹ kí n sọ," ó ní. "Pé kí ẹ gbé e padà sókè. N kì bá tí jáde, ẹ kì bá tí fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ẹ̀rù ló gba gbogbo orí mi. Abẹ́ ẹní yẹn ni mo ti rántí."

Ọ̀gá dé lọ́jọ́ kejì. Mo rò pé ó máa lé e, òun náà ti di ẹrù rẹ̀ sínú báàgì. Ṣùgbọ́n Mátírọ̀n ti ròyìn fún un, ìròyìn náà sì ti dára jù: pé ọmọbìnrin tí òjìji ara rẹ̀ ń lé ló gba ojú ọ̀nà Agẹmọ kọjá lábẹ́ ẹní òkú nítorí aboyún. Ọ̀gá kọ lẹ́tà ìyìn fún un, ó sì ní kí wọ́n fi yàrá ìgbẹ̀bí sínú ètò. Gbogbo ìlú gbọ́. Àwọn obìnrin ń wá láti Ìbẹ̀fun wá wò ó. Mùsílíù dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un ní àgbàlá, ó ní bí kì í bá ṣe tirẹ̀, òun ì bá sin méjì. Mo rí Mosún tó ń fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri.

Nígbà tí Ràmọ́tà ti padà sílé ní nǹkan bí oṣù kan, Mosún ní kí n gbé òun lọ síbẹ̀. Ó ní bí òun kò bá sọ ọ́, òun kò ní lè sùn mọ́. Mùsílíù wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ràmọ́tà ń pa ẹ̀gúsí sínú àtẹ, ó fún wa ní àga. Mosún kúnlẹ̀ fún ẹni tó fi ọdún mẹ́wàá jù lọ, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: ìwé tí ó ya lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ̀yìn fèrèsé, ọ̀rọ̀ kan tí kò sọ. Ràmọ́tà kò dá a dúró. Ó ń pa ẹ̀gúsí lọ títí ọ̀rọ̀ fi tán, ó sì tún pa bíi mẹ́wàá sí i.

Ó wá ní, "Àǹtí, ẹ dìde. Ẹ má sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀ o. Kì í sùn lóru, ó ń wá ẹni tó máa bínú sí. Tó bá ti rántí yín, ó ń dúpẹ́, ó ń sùn. Ẹ jẹ́ kó máa dúpẹ́." Kò wo ojú rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́, kò sì sìn wá jáde.

Ní ọjọ́ Iléyá, Mùsílíù gbé abọ́ ẹran wá sí ilé-ìwòsàn, itan àgbò odindi, ó fi aṣọ funfun bò ó. Ó ti ń bọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún láti ìgbà náà. Tí Mosún bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ẹnu géètì, á di ẹ̀gbẹ́ tábìlì mú. Á jáde, á kúnlẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì gba abọ́ náà, á sì fi ohùn dídùn tí ó fi ń dáhùn tẹlifóònù sọ pé, "Ẹ ṣeun, sà. Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò."